Ẹ gba ọwọ́ ọmọ kúrò lórí fóònù màmá àgbà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ti pé ọmọ ọdún 71. Ọdún kejì rèé tí mo ra fóònù ńlá fún wọn, ìpè nìkan ni wọ́n ń fi í gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ohun mìíràn, àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń pè, ọ̀kan ọmọ ọdún 14, èkejì ọmọ ọdún 9. Ọmọ á gbà á, á ṣe é, á dá a padà. Mo ti kọ́ màmá títí, mo kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sínú ìwé fún wọn, kò wọlé. Wọ́n ní orí àwọn ò gba nǹkan mọ́. Ẹnìkan wá ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa fi fóònù ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ, pé ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ ọ́n. Ṣé òótọ́ ni? Irú eré wo? Ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ di pé mo fi ọwọ́ ara mi kó màmá sọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì."

Ìdáhùn:

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eré ló ń kọ́ni, bí ọ̀pọ̀ ilé sì ṣe ń ṣe é kọ́ ló yẹ kí a máa ṣe é. Kí n tó dé orí eré rárá, gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè yín tí mo fẹ́ mú: "Ọmọ á gbà á, á ṣe é, á dá a padà." Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń kú. Orí màmá kọ́.

Ẹ wò ó láti ibi tí màmá jókòó sí. Wọ́n fẹ́ fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Ọmọ ọdún 14 gba fóònù, ó kọ ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, àtàǹpàkò méjèèjì ń sáré, nǹkan ń yí padà lójú fóònù, kí màmá tó wọ awò ojú wọn tán, ó ti ní, "Ó ti lọ, màmá." Kí ni wọ́n kọ́ níbẹ̀? Wọ́n kọ́ pé eré ọmọdé ni nǹkan yìí fún ọmọdé, àti pé ó ju agbára tiwọn lọ. Bí wọ́n bá gba ẹ̀kọ́ yẹn nígbà ogún lóṣù fún ọdún méjì, kò sí bí wọn ò ṣe ní sọ pé orí àwọn ò gbà á mọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn ti wọlé dáadáa. Albert Bandura, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 1977 pé nínú gbogbo ohun tó ń mú kí èèyàn gbà pé òun lè ṣe nǹkan, èyí tó lágbára jù ni pé kó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kó sì bọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ìyànjú ń ṣe díẹ̀, kéèyàn máa wo ẹlòmíràn ń ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tó èyí tí ọwọ́ ẹni ṣe.

Nítorí náà òfin kan ṣoṣo ni mo ní, gbogbo ohun tó kù ṣeé yí padà: ọwọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ kan fóònù màmá. Níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà, àwọn ọmọ máa ń jókòó lé ọwọ́ ara wọn mọ́lẹ̀ ni. Mi ò ṣàwàdà. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lábẹ́ itan, ẹnu nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó bá ní "ẹ tẹ ibẹ̀ yẹn" kò tíì sọ nǹkankan, torí kò lè nawọ́. Ó di dandan kó wá ọ̀rọ̀: "Ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dà bí ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n fi bébà ṣe. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé ìka kúrò." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ máa ń dà bí ìyà fún ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun fúnra rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí ohun tó wà lójú fóònù tó ti ń lò tipẹ́.

Ó sì máa rí ohun tó ń da àgbà láàmú. Ẹ mú WhatsApp. Bí àpótí tí à ń kọ̀wé sí bá ṣófo, ohun tó wà ní igun ìsàlẹ̀ yẹn ni gbohùngbohùn. Ẹ tẹ lẹ́tà kan péré, gbohùngbohùn ti lọ, ọkọ̀ bébà tí à ń tẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ti gba ipò rẹ̀. Ibì kan náà, iṣẹ́ méjì. Ọmọdé kì í tilẹ̀ fiyè sí i. Àgbà tí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún pé "tẹ gbohùngbohùn" á wá a títí, kò ní rí i, á sì rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí ẹ kọ kò fi wọlé: ojú fóònù kì í dúró bí ojú ìwé.

Kí wá ni eré ń ṣe níbẹ̀? Ní 1990, Microsoft fi eré káàdì kan, Solitaire, sínú Windows 3.0, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Lásìkò yẹn, ẹni púpọ̀ ò tíì di máòsì kọ̀ǹpútà mú rí. Kí sì ni Solitaire? Kéèyàn tẹ káàdì mọ́lẹ̀, kó fà á, kó gbé e sílẹ̀ níbòmíràn, ní àìmọye ìgbà. Ohun tí ọwọ́ ní láti mọ̀ kó tó lè lo kọ̀ǹpútà gan-an nìyẹn, àwọn èèyàn sì jókòó tì í di ọ̀gànjọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ní kí màmá fa ìka lórí fóònù nígbà ogójì, wọ́n á bi yín léèrè bóyá ara yín dá. Bí eré bá ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n á ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún wo èyí: ẹni tó ṣàṣìṣe nínú eré, á tún un ta ni. Àṣìṣe nínú áàpù ilé ìfowópamọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù yẹn ló sì ń mú kí ọwọ́ àgbà máa gbọ̀n lórí gbogbo ohun tó bá ń tàn.

Nítorí èyí, ẹ má fi orúkọ yan eré. Ohun tó máa kọ́ ìka ni kí ẹ fi yàn án. Lúdò ń kọ́ni ní títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Solitaire ń kọ́ni ní fífà. Eré tí à ń to àwòrán tó já sí wẹ́wẹ́ pọ̀ ń kọ́ni ní fífà àti fífi ìka méjì fẹ àwòrán. Eré tí à ń fi lẹ́tà hun ọ̀rọ̀ ń mú kí ojú mọ ibi tí lẹ́tà wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí màmá ti mọ̀ lórí pákó tẹ́lẹ̀, kó lè jẹ́ pé fóònù nìkan ni àjèjì. Ẹni tó ń kọ́ òfin eré, tó tún ń kọ́ fóònù, ẹrù méjì ló rù.

Ẹ yàgò fún eré tó ń ka àkókò. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo gbé eré kan wá tí èso ń fò sókè, tí èèyàn á fi ìka gé e kó tó balẹ̀. Àwọn ọmọ pariwo, inú mi dùn. Bàbá kan dojú fóònù rẹ̀ dé, ó rọra tì í sí ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ṣé ìdíje ni mo wá ṣe ni àbí mo wá kọ́ṣẹ́?" Kò padà wá. Ẹ̀bi mi ni, mo sì máa ń rántí bí ó ṣe rọra tì í.

Ṣùgbọ́n eré tí mo fẹ́ràn jù kò sí nínú áàpù eré kankan. Àlọ́ àti fọ́tò ni. Màmá wà nínú yàrá kan, ọmọ wà nínú èkejì, fóònù méjì, WhatsApp. Ọmọ á fi ohùn pa àlọ́ ránṣẹ́: "Ó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kò lè rìn." Màmá á tẹ ohùn náà kí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n á wá nǹkan náà nínú ilé, wọ́n á ṣí kámẹ́rà, wọ́n á ya àga, wọ́n á fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ òun, ọmọ á fèsì. Lẹ́yìn náà ó kan màmá láti pa tiwọn: wọ́n á tẹ gbohùngbohùn mọ́lẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé ìka kúrò, ó ti lọ. (Bí ìka bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fà á sókè, á tì pa, wọ́n á lè sọ̀rọ̀ láì di nǹkankan mú.) Ẹ ka ohun tí wọ́n ti ṣe: gbígbọ́ ohùn, yíya fọ́tò, fífi í ránṣẹ́, gbígba ohùn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ń bẹ ọmọ láti bá wọn ṣe fún ọdún méjì kò ju ìyẹn lọ.

Níbi àlọ́, ọwọ́ màmá ló ròkè. Mo rí màmá kan tó fi èyí ránṣẹ́ sí ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ bíi ti yín tó jẹ́ ọdún 9: "Mo wò ó, ó wò mí. Mo rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Mo kúrò níbẹ̀, ó ti lọ." Ọmọ náà wá kiri. Ó ya fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n ní rárá. Ó ya tẹlifíṣọ̀n, rárá. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, fóònù màmá dún, fọ́tò dígí wọlé, ọmọ fúnra rẹ̀ wà láàárín rẹ̀, ó gbé fóònù dé imú, ó la ẹnu sílẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn o, wọ́n fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà láti wo ẹnu ọmọ wọn dáadáa. Mo ti ń kọ́ wọn ní fífi ìka méjì fẹ nǹkan láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kò bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan rí.

Bí mo bá sọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún èèyàn, wọ́n á pa á lówe fún mi pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe náà bá a mu, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ti fóònù, ìdajì rẹ̀ la ń lò. A rántí kèrègbè tí ọwọ́ àgbà kò wọ̀, a gbàgbé pẹpẹ. Eré tí ọmọ nìkan mọ̀, tí màmá kàn ń gbà bí ó ṣe wá, kì í pẹ́ kó tó sú àwọn méjèèjì. Gordon Allport, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 1954, nígbà tó ń wádìí bí ẹ̀tanú láàárín ẹ̀yà ṣe lè dín kù, pé kí ìpàdé àwọn méjì tó lè so èso, ẹsẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba níbẹ̀, kí wọ́n jọ máa lé ohun kan náà, kí wọ́n jọ ṣe é, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Àwa tí à ń kó èwe àti àgbà pọ̀ ti yá èrò yẹn lò. Nínú ilé yín, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yín múlẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ tó já fóònù gbà, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀.

Eré kejì tó ní pẹpẹ nínú: "Ta nìyí?" Ọmọ á ya fọ́tò àtijọ́ kan nínú àwo fọ́tò ìdílé, á fi ránṣẹ́ sí màmá, á bèèrè pé ta ló dúró lẹ́yìn lápá òsì. Màmá ní láti fẹ ojú yẹn tóbi kí wọ́n tó lè sọ. Ọmọ ò lè fi íntánẹ́ẹ̀tì wá ìdáhùn yìí. Bí màmá bá fi ohùn dáhùn, ẹ fi àwọn ohùn yẹn pamọ́, wọ́n á wúlò lọ́jọ́ iwájú fún ohun tó ju eré lọ.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún fóònù náà ṣe, nítorí ìdajì "orí mi ò gbà á" ni mo máa ń bá nínú Settings, ibi tí à ń ti ṣètò fóònù. Ẹ wo ìka màmá nígbà tí wọ́n bá ń tẹ nǹkan. Ẹni tó lo fóònù oníbọ́tìnnì fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń tẹ̀ ẹ́ títí bọ́tìnnì á fi wọlé lábẹ́ ìka. Dígí kì í wọlé. Nítorí náà wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dì í mú, fóònù á sì rò pé ohun mìíràn ni wọ́n ń bèèrè: àwòrán áàpù á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tàbí kí ọ̀rọ̀ kan yọ pé ṣé kí a yọ áàpù yìí kúrò. Màmá á fa ọwọ́ yọ bí ẹni tí iná jó. Lórí Android, ẹ wá "Touch & hold delay" lábẹ́ Accessibility nínú Settings, kí ẹ gbé e sí "Long". Lórí iPhone, "Touch Accommodations" ni kí ẹ wò. Ẹ fẹ lẹ́tà tóbi, èyí kò ní àríyànjiyàn. Bó bá jẹ́ Android tí kò ní bọ́tìnnì mẹ́ta nísàlẹ̀, tó jẹ́ pé fífà ni wọ́n fi ń padà sẹ́yìn, ẹ dá bọ́tìnnì mẹ́ta yẹn padà. Ohun tí ojú ń rí rọrùn ju ohun tí èèyàn ní láti rántí.

Bí ìka wọn bá ń tẹ̀ ẹ́ tí fóònù ò dáhùn, kí wọ́n má fi agbára kún un. Ojú fóònù kì í wọn agbára, bí awọ ara ṣe ń gba iná díẹ̀ ló ń mọ̀, awọ ìka àgbà sì máa ń gbẹ. Ìpara díẹ̀ tàbí èémí ẹnu sórí ìka á ṣe é. Mo ti rí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ra fóònù mìíràn fún nítorí èyí.

Ní ti àkókò, ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ dára ju wákàtí méjì lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ẹ bá sì tún bẹ̀rẹ̀, ẹ má tún un ṣàlàyé. Ẹ bèèrè: "Kí ló kàn?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn le fún èmi náà. Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ tó ń wádìí bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, fi èyí hàn ní 2006 lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: àwọn tó tún ìwé kà léraléra rántí púpọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fà á jáde látinú ọpọlọ wọn ló rántí jù. Bí màmá bá fẹ́ ìwé, ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é, bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan. Ẹnìkan kọ "ọkọ̀ bébà" sínú tiẹ̀. Èmi náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Nínú àwọn ọmọ méjèèjì, mo fẹ́ kí ọmọ ọdún 9 jẹ́ olùkọ́. Òun ṣì ń gbádùn eré náà fúnra rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 14 yára jù, yóò sì máa wo fóònù tirẹ̀. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó bá a mu: kó tún Settings ṣe, kó sì ronú àlọ́ tuntun.

Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe àsọdùn. Eré ọ̀fẹ́ kún fún ìpolówó, wọ́n sì máa ń fi X tí èèyàn á fi pa á sí kọ̀rọ̀, kékeré, bí ẹni pé wọn ò fẹ́ kó rí i. Fún eré tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tan "Airplane mode", èyí tó ń gé fóònù kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpolówó ò ní rí ọ̀nà wọlé. Ẹ ṣètò rẹ̀ pé pásíwọ́ọ̀dù ni wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè kí ẹnikẹ́ni tó lè ra ohunkóhun. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fi jìbìtì náà ṣeré. Pẹ̀lú ìmọ̀ màmá, kí àwọn ọmọ máa kọ àtẹ̀jíṣẹ́ méjì, ọ̀kan òótọ́, ọ̀kan ti gbájúẹ̀, kí màmá mú irọ́ jáde kí wọ́n sì sọ ohun tó fu wọ́n lára. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àgbà ṣe mọ̀ ọ́n. Ìkánjú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí: "Ta ló ń lé e?" Ohun kan ṣoṣo tí kò sí àwàdà níbẹ̀ ni nọ́ńbà tí ilé ìfowópamọ́ tàbí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ láti fi mọ̀ pé àwọn ni. Màmá kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó bá ní òun ni ẹ̀yin.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé eré fóònù á jẹ́ kí ọpọlọ màmá jí pépé, kí ẹ san owó oṣooṣù fún un. Ẹ má yára. Ní 2016, àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, mú kí ilé-iṣẹ́ tó ni Lumosity, áàpù eré ọpọlọ kan, san mílíọ̀nù 2 dọ́là nítorí ìpolówó pé eré wọn ń dènà kí ọpọlọ àgbà máa rẹ̀yìn, tí wọn ò sì ní ẹ̀rí tó tó. Èyí tó ní ẹ̀rí díẹ̀ ni kíkọ́ ohun tuntun tó le. Nínú ìwádìí tí Denise Park, onímọ̀ nípa ọpọlọ àwọn àgbà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014, àwọn àgbà tó kọ́ iṣẹ́ fọ́tò lórí ẹ̀rọ tàbí ríránṣọ tí à ń pa aṣọ wẹ́wẹ́ pọ̀, fún nǹkan bíi wákàtí 15 lọ́sẹ̀ láàárín oṣù 3, rántí nǹkan dáadáa ju àwọn tó kàn jọ ń pàdé láti gbádùn ara wọn lọ. Lúdò ìrọ̀lẹ́ kò tó ìyẹn, kò sì pọn dandan kó tó o. Bó bá sì jẹ́ pé ohun tí màmá ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń gbàgbé, bí ọ̀nà ilé tàbí orúkọ ọmọ, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Dókítà ni kí ẹ lọ rí.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má pe ohunkóhun ní ẹ̀kọ́. Ẹ tún Settings ṣe lọ́sàn-án. Lálẹ́, kí ọmọ ọdún 9 fi àlọ́ kan ránṣẹ́ láti yàrá kejì, kí ẹ̀yin jókòó ti màmá, ọwọ́ yín lábẹ́ itan. Bí wọ́n bá ṣìnà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣìnà. Àlọ́ mẹ́ta tó. Tó bá wá di ọjọ́ kan tí fóònù yín dún níbi iṣẹ́, tí ohùn màmá ń sọ pé, "Ó ní eyín, kò lè géni jẹ," tí kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é, ẹ má pè wọ́n padà láti kí wọn kú oríire. Ẹ wá òòyà, kí ẹ yà á, kí ẹ fi ránṣẹ́.